Mọ́ríìsì Tó Ń Fà sí Ọ̀tún

Igbó-Elérin,
Òkòkómáíkò.
12 Oṣù Kìn-ín-ní, 1986

Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ń jẹ́ kí o gbádùn? Ọyẹ́ tiwa náà kò ṣe é fi ṣeré lọ́dún yìí, ètè ìyá rẹ ti bẹ́ kárí. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún tuntun gan-an. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, mo tún un kà, mo wá kà á sókè fún ìyá rẹ. Ó bú sẹ́kún. Ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Èmi ni mo fi Mọ́ríìsì mi gbé ọ lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà lọ́dún 1970. Èmi náà ni màá fi í gbé ọ bọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti sọ fún àwọn tó ń ra pákó lọ́wọ́ mi ní ìsọ̀. Ọkọ̀ náà wà síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àìsàn kankan. Sítíárìn rẹ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú. Ó ti le, ó wúwo, tí mo bá sì ti bọ́ sí títì Bádágírì, ńṣe ni yóò máa fà sí ọ̀tún bí ẹni pé gọ́tà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ fún ìjọba, n kò fi ọkọ̀ kọ lu ewúrẹ́ rí, ìwọ náà mọ̀. Àsánì, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ mi lẹ́bàá ọ̀nà Ìbà, ní irin abẹ́ sítíárìn ti jẹ tán, pé òun wá irú rẹ̀ títí, òun kò rí. Ìlú tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí ni o wà. Bá mi wá a.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti gbé ìwà kan dé báyìí, ó ní òun kò wọ ọkọ̀ mi mọ́. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ sí Alábà. N kò mọ ohun tó ń bí i nínú. Bá mi bá a sọ̀rọ̀, ó lè gbọ́ tìrẹ.

Bàbá rẹ tó ń ka oṣù,
Abọ́dúnrìn Ògúnjìmí


Birmingham,
16 Oṣù Kejì, 1986

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́. Yìnyín ló bo gbogbo ilẹ̀ níbí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ti ibi iṣẹ́ délé lónìí. Iṣẹ́ náà kò yí padà. Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni mo ṣì wà, kí n gbé eléyìí dìde, kí n wẹ tọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ rú mi lójú. Ẹ má bínú, mo rò pé ẹ ti tà á tipẹ́. Ṣé kò ní rọrùn kí ẹ gba takisí wá pàdé mi ní Ìkẹjà? Mo kàn béèrè ni.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run bá wa ṣe é. Bàbá òyìnbó kan wà tí ilé rẹ̀ dojú kọ tèmi, Mista Hárọ́lù là ń pè é. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ àtijọ́ ló ń tún ṣe. Mọ́ríìsì méjì wà nínú gárééjì rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo sọ tiyín fún un, inú rẹ̀ dùn, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó ní kí a má wulẹ̀ wá irin àtijọ́ yẹn mọ́, pé ohun tí òun ṣe sí tòun ni kí a ṣe sí tiyín. Kí a yọ àpótí sítíárìn àtijọ́ kúrò, kí a fi ohun tí wọ́n ń pè ní ráàkì rọ́pò rẹ̀. Irin gbọọrọ kan tó ní eyín ni, ó ń sún lọ sún bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó sì máa ń mú kí sítíárìn fúyẹ́ púpọ̀. Kí a sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, kí ọkọ̀ má baà máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá dé kọ́nà. Ó ní kí n béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ rí.

Ẹ sọ fún ìyá mi pé n kò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé gbogbo wa lọ sí ilé ìwé, kí ló ṣe wọ́n? Bí ẹ bá jọ ní gbólóhùn asọ̀, kí wọ́n má gbé e ka ọkọ̀ lórí.

Ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà,
Fẹ̀hìntọlá


Igbó-Elérin,
23 Oṣù Kẹta, 1986

Fẹ̀hìntọlá,

A dúpẹ́ pé àlàáfíà ni o wà. Takisí. Mo ka ibẹ̀, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Èmi Abọ́dúnrìn ni kí n gba takisí lọ pàdé ọmọ tí mo bí. Kí àwọn dírẹ́bà tí a jọ fẹ̀yìn tì wá rí mi lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bí ẹrù iṣu. O ti pẹ́ jù lọ́hùn-ún. Mo ti dárí jì ọ́, má sọ ọ́ mọ́.

Bàbá òyìnbó yẹn ní làákàyè, bá mi kí i. Sọ fún un pé ọdún 1962 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, ọwọ́ òyìnbó kan ní Àpápá ni mo ti rà á. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo rán an? Ohun tí gbogbo ayé ṣe sí ọkọ̀ wọn náà ni èmi náà ṣe sí tèmi, n kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àsánì kọ́kọ́ ń rojọ́, ó ní òun kò fi ráàkì sí Mọ́ríìsì rí. Mo ní kó lọ kọ́ ọ, ọmọ ogójì ọdún kò tíì dàgbà ju ẹ̀kọ́ lọ. Ìwọ ṣáà jẹ́ kó tètè dé. Tí mo bá fẹ́ yí ọkọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ilé báyìí, òógùn a bò mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Ìjànìkín, mo ní láti dúró létí títì, mo jókòó ṣáá, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó lè máa bọ̀ nílé. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Irin ló ń yọ mí lẹ́nu.

Mo ka iṣẹ́ tí o rán sí ìyá rẹ fún un. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ní kó ṣàlàyé, ó dìde, ó lọ dáná. Obìnrin yìí fẹ́ dà mí lórí rú.

Bàbá rẹ,
Abọ́dúnrìn


Birmingham,
27 Oṣù Kẹrin, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ irin. Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ takisí. N kò mọ̀ pé yóò dùn yín tó bẹ́ẹ̀.

Ẹrù yín ti wà lọ́nà. Ẹkúndayọ̀, ọmọ ìjọ wa níbí, ń wálé fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó ti gbà láti gbé e wá fún yín ní Igbó-Elérin. Mista Hárọ́lù fúnra rẹ̀ ló fi gíríìsì pa ráàkì náà, ó fi pépà wé e, ó fi okùn dì í bí òkú ọba. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì wà nínú àpótí kan náà. Ó ní kí Àsánì fiyè sí ibì kan: imú ráàkì náà, níbi tí ọ̀pá sítíárìn ti máa wọ inú rẹ̀, apá ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ wà, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Lẹ́yìn náà kí ó rí i pé àwọn táyà iwájú dọ́gba kí ó tó jáde sí títì.

Ẹ tún sọ pé ẹ jókòó létí títì kí ẹ tó lè máa lọ. Kí ló rẹ̀ yín? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kí ni ìyá mi sì ní lọ́kàn? Mo ti ro ẹ̀fà, mo ti ro èje, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ọmọ yín,
Fẹ̀hìntọlá


Igbó-Elérin,
1 Oṣù Kẹfà, 1986

Fẹ̀hìntọlá,

Ṣé ìwọ àti òyìnbó yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹkúndayọ̀ dé, ó kí wa dáadáa, ó gbé àpótí kalẹ̀. Inú mi dùn, mo pa adìyẹ fún un. Lọ́jọ́ kejì Àsánì sùn sábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó jáde, orí ló ń họ. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà níwájú." Mo ní kí ló ń wí. Ó gbé ráàkì náà sókè, ó fi hàn mí. Apá ọ̀tún ni imú rẹ̀ wà lóòótọ́, bí òyìnbó rẹ ti wí. Apá òsì ni sítíárìn tèmi wà. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó yà mí lẹ́nu pé o kò mọ̀. Nígbà tí o wà nílé, òsì títì là ń gbà, bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe títí dòní. Lọ́dún 1972 ìjọba ní kí gbogbo ìlú bọ́ sí ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. O ti lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sí ọ. Kí ọdún kejì tó parí, mo gbé ọkọ̀ lọ bá páńẹ́lì bítà kan ní Múṣin, ó tú sítíárìn kúrò lọ́tùn-ún, ó gbé e wá sí òsì. Ohun tí gbogbo ayé ṣe nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi bẹ́ẹ̀. Bí Àsánì bá de tìrẹ yìí mọ́ ọkọ̀, iwájú ìyá rẹ ni sítíárìn yóò wà. Ẹni tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ ni yóò wá di dírẹ́bà.

Ìyá rẹ gbọ́ ìyẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ẹkún ni mo tún gbọ́. Kí ni mo ṣe fún obìnrin yìí?

Ara mi le koko. Kò sí ohun tó rẹ̀ mí. Oṣù mẹ́fà ló kù, ọkọ̀ wà lórí òkúta. Wá nǹkan ṣe sí i.

Abọ́dúnrìn


Birmingham,
22 Oṣù Kẹfà, 1986

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí òyìnbó yẹn, èmi ni mo sọ fún un pé ọ̀tún ni. Mo mọ̀ pé ìlú ti bọ́ sí ọ̀tún, mo ka lẹ́tà yín nígbà náà. N kò kàn rò ó pé ẹ lè gbé sítíárìn kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Tí mo bá ti rántí yín nínú ọkọ̀, apá ọ̀tún ni mo máa ń rí yín, ẹ ti fìlà sẹ́yìn, ẹ gbé ìgunpá sí ojú fèrèsé. Ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti lọ.

Mista Hárọ́lù rẹ́rìn-ín, ó tún wọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú mìíràn nítorí yín. Ó ti rí èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gba ọ̀tún. Sàdíátù, ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú, ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò fi lé yín lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, apá òsì ni imú rẹ̀ wà. Mo fojú ara mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo ní kí ni wọ́n ń sunkún sí. Mo ń bọ̀ nílé, kì í ṣe pé mo ń lọ.

Ọmọ yín tó ṣàṣìṣe,
Fẹ̀hìntọlá


Igbó-Elérin,
10 Oṣù Kẹjọ, 1986

Fẹ̀hìntọlá,

Mo kí ọ. N kò fẹ́ kọ lẹ́tà yìí tìbínútìbínú, ni mo ṣe jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ráàkì wọlé, ó bá ọkọ̀ mu. Àsánì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́, ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ó fa okùn láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba. Nígbà tí mo yí sítíárìn ní ìdúró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà gbọ́, ó fúyẹ́. Àsánì wà á lọ sí Òkòkómáíkò, ó wà á bọ̀, ó ní ó ń lọ tààrà bí ẹni fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Mo ní ó dáa, kó bọ́ sílẹ̀, kí n gba ọkọ̀ mi.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà Ìbà, ó ti ń fà sí ọ̀tún. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Tí mo bá di sítíárìn mú, ó ń lọ dáadáa. Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, á ya. Ìgbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ jíà nìkan ni. Mo ń ti jíà kejì bọ́ sí ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ fi wọ inú gọ́tà, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá tábìlì obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Àwọn ènìyàn fà mí jáde bí ẹni fa ọ̀mùtí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Fẹ̀hìntọlá.

Ohun méjì ni mo rò. Bóyá ohun tí òyìnbó rẹ tà fún ọ kò dára. Tàbí kẹ̀, Àsánì ti tọ́jú ti òyìnbó, ó fi gbàrọgùdù síbẹ̀. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó fi Kùránì búra, ó ní tí òun bá wà á, kì í yà. Mo ní ṣé èmi wá ni mo gbàgbé ọkọ̀ wíwà. Ó ń wolẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó kó sípánà rẹ̀, n kò fẹ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Mo ti ń tún ọkọ̀ náà wà díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, kí ó lè mọ́ mi lọ́wọ́ kí o tó dé. Bi òyìnbó rẹ, kí ló ń ṣe ráàkì yìí?

Bàbá rẹ,
Abọ́dúnrìn


Birmingham,
31 Oṣù Kẹjọ, 1986

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ka èyí, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Mo ka lẹ́tà yín fún Mista Hárọ́lù. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní bí ẹ bá ń pààrọ̀ jíà nìkan ni, ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Ó ní, "Ọwọ́ wo ni bàbá rẹ fi ń pààrọ̀ jíà?" Mo ní òsì, nítorí òsì ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ níbí. Ó ní rárá, sítíárìn bàbá rẹ wà lápá òsì, ọ̀tún ló máa fi pààrọ̀ jíà. Ọwọ́ wo ló wá kù lórí sítíárìn? Mo ní òsì. Ó ní ojú títì máa ń dagẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá dì mú yóò bá ìdagẹrẹ lọ. Ó wá bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ òsì yẹn.

Bàbá mi, ọdún méjìlá ni mo ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀gbà mú lápá kan. Mo ń bọ̀ wọ́n láṣọ, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sí mi láti oṣù Kìn-ín-ní, mo ń wá ráàkì kiri. Inú mi bàjẹ́ sí ara mi.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ di ojú, kí ẹ ka ení títí dé ogún, kí ẹ tó la ojú. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sí mi. Ẹ sì sọ òtítọ́ fún mi, ta ló ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù yín? Bí ó bá jẹ́ pé mo ṣì í rò, ẹ bú mi bí ẹ bá ṣe fẹ́.

Fẹ̀hìntọlá


Birmingham,
5 Oṣù Kẹwàá, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, n kò gbúròó yín. Ẹ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń bínú, nítorí náà n kò mọ ohun tí màá pè é. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ sọ yín di arúgbó? Tàbí lẹ́tà ló sọ nù? Lójoojúmọ́ ni mò ń rí gọ́tà yẹn àti tábìlì búrẹ́dì yẹn.

Kò kàn mí bóyá ẹni tó wa ọkọ̀ wá sí Ìkẹjà ni yín tàbí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá. Kí n bá yín láàyè ni mo fẹ́.

Fẹ̀hìntọlá


Birmingham,
26 Oṣù Kẹwàá, 1986

Bàbá mi, ìyá mi,

Ẹnikẹ́ni tó bá rí lẹ́tà yìí kó bá mi kà á fún ìyá mi. Màmá, ẹ forí jì mí pé mo ń bá yín wí láti ọdún tó ti wọlé. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá ṣì wà?

Fẹ̀hìntọlá


Igbó-Elérin,
9 Oṣù Kọkànlá, 1986

Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi,

Mo wà. Lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú mi. Ìgbà tí mo ka àkọ́kọ́, inú bí mi gidigidi. Mo ní ta ló kọ́ ọmọ yìí tó fi ń ti ìlú òyìnbó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Mo ki í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, n kò kà á fún ìyá rẹ.

Nígbà tó ṣe, mo ti ìlẹ̀kùn yàrá, mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo di ojú, mo kà dé ogún. Nígbà tí mo la ojú, ọ̀tún wà níbi tí mo nà án sí. Òsì ti wà lórí itan mi. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì èṣí ló ṣẹlẹ̀. Mo jí, mo fẹ́ so okùn ṣòkòtò, ọwọ́ kò gbọ́ tèmi, mo sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo ti ń rìn, mo ní ó ti lọ. Mo fi Bíbélì mú ìyá rẹ búra pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ pàápàá. Láti ìgbà náà, òun ló ń de bọ́tìnnì mi, òun ló ń fún aṣọ ìnura mi. Kò lè sọ, kò sì fẹ́ jókòó ti ẹni tí yóò pa á. Ìbúra tí mo mú un bú ló ń sunkún sí. Má bá a wí mọ́.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí ará àdúgbò kò rí i. Ọwọ́ òsì ni. Ta ní ń wo ọwọ́ òsì àgbàlagbà? Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọ̀tún ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, ọ̀tún ni mo fi ń bọ àlejò lọ́wọ́. Mo ká òsì sábẹ́ agbádá, gbogbo wọn ní ìwà àgbà ni. Inú ọkọ̀ nìkan ni mo ti nílò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ irin. Irin ṣe é rà.

Mo lọ bẹ Àsánì. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ gọ́tà, pé ẹnu ni kò gba òun láti sọ ọ́. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ. Òun ló mú mi wọ ọkọ̀ èrò lọ rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní, wọ́n fún mi ní oògùn tí màá máa lò títí ayé, wọ́n ní mo tètè wá díẹ̀, mo sì pẹ́ díẹ̀.

Lánàá, Àsánì fi Mọ́ríìsì gbé mi lọ sí Ìjànìkín. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn láti ìgbà tí o ti ra irin sí i, tí kì í ṣe èmi ló ń wà á. Ó bọ́ sí títì, ó ki í mọ́ jíà kẹta, ó ki í mọ́ ẹ̀kẹrin. Ọkọ̀ náà kò yà. A dé kọ́nà, kò mì. Ìka méjì ni Àsánì fi dì í mú, ó ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Mo yí ojú sí fèrèsé kí wọ́n má rí mi. N kò mọ̀ pé ó dára tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bú ohun tí o rà, mo pe òyìnbó ọlọ́kàn rere yẹn ní olè, mo lé ọmọ ọlọ́mọ dànù. Bẹ Mista Hárọ́lù fún mi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù.

Mo ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé Àsánì ni yóò wa ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá. Ẹnu yà wọ́n, n kò ṣàlàyé. Èmi àti ìyá rẹ yóò ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ òfurufú rẹ tó balẹ̀.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ṣáájú, kí ó má baà dé bá ọ lójijì níwájú èrò. Tí o bá jáde sí wa, ọwọ́ kan ni màá na sí ọ. Má rò pé mò ń bínú nítorí ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìwọ ni kí o fi méjèèjì dì mọ́ mi.

Bàbá rẹ,
Abọ́dúnrìn Ògúnjìmí